Gbèsè Bàbá Fáyẹmíwò

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀,
kí jẹnẹrétọ̀ tó dákẹ́, kí ojú ọ̀run tó là,
mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀:
ẹsẹ̀ kan ń wọ́lẹ̀, ọ̀pá ń kan símẹ́ńtì.
Mo mọ ibi tó ń bọ̀.

Ó dé iwájú tábìlì mi, ó lóṣòó.
Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún,
orúnkún tí dókítà ní kò gbọdọ̀ tẹ̀ mọ́,
ó lóṣòó bí ọmọdé tó ń wo èèrà.
"Owó mi dà?
Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi lónìí."

Ta ni wọ́n bí ní Iléṣà tí wọ́n ń túmọ̀ ìyẹn fún?
Ó gbé aṣọ dé Ọ̀fà, ó gbé e dé Ìkàrẹ́,
dé abúlé tí ọkọ̀ kì í dé,
ó tà á láwìn nígbà òjò,
ó padà nígbà ìkórè, ó wá lóṣòó
sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ń sá fún un.
Owó òṣó ló fi kọ́ ilé alájà méjì sí Ìsọ̀kùn,
òun náà ló fi rán ọmọ méje níléèwé.
Ilé ọ̀hún ṣófo báyìí.
Àdán ni ayálégbé, kì í sanwó.

Oṣù tí mo kọ́kọ́ débí, mo máa ń bá a jiyàn.
"Bàbá, èmi kọ́ o. N ò ra aṣọ lọ́wọ́ yín."
Á wò mí bí ẹni tó ti gbọ́ irọ́ yẹn
ní ìlú mẹ́tàdínlógún.
Nọ́ọ̀sì àgbà ní kí n fún un lóògùn oorun.
Ìyá Ọ̀súntókì, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti Ọdún Àjíǹde,
ló dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀:
"San díẹ̀ fún un, ìwọ ọmọ yìí.
Ta ni kò jẹ gbèsè?"

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í san nìyẹn.
Ìdérí ìgò mẹ́ta lọ́jọ́ Ajé.
Bọ́tìnnì kan, èyí tó já lára yúnífọ́ọ̀mù mi.
Á kà á, á tún un kà,
á fi ìka kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́:
"Ó ku púpọ̀. N ó padà wá."
Màá wá kì í lábíyá, a ó jọ dìde
(èyí le ju owó lọ),
màá wẹ̀ ẹ́, màá fi àdín àgbọn pa á léjìká,
níbi tí ẹrù aṣọ ti jẹ, tó ṣì tẹ̀ wọnú
bí ojú ọ̀nà oko.

Ọlátẹ̀jú ọmọ rẹ̀ ń san tirẹ̀ láti òkè òkun.
Kò jẹ ilé yìí ní kọ́bọ̀.
Lọ́jọ́ Àìkú kan ó pè, a rí ojú rẹ̀ nínú fóònù,
ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, yìnyín ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀.
"Bàbá mi, ẹ kú àtijọ́. Ṣé owó ń dé?"
Bàbá gba fóònù, ó wò ó, ó wò ó.
Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí símẹ́ńtì,
ó di ọ̀pá mú,
ó lóṣòó síwájú rẹ̀.
"Èyí," ó ní, "èyí gan-an ni mo ń wá."

Nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe ségesège.
Ojú ọmọ náà dúró gbagidi, ẹnu là sílẹ̀.
N ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.
Ibẹ̀ la gbé iyán ọ̀sán wá bá Bàbá.
Kò fọwọ́ kàn án, iyán, lẹ́nu Ìjẹ̀ṣà!

Ní ìdájí ọjọ́ kejì mo ti to ìdérí ìgò sílẹ̀.
Kò yà sọ́dọ̀ mi.
Ẹnu géètì ni mo ti bá a, ó ti lóṣòó,
Sùnmọ́nù máígádì sì ti ṣí ilẹ̀kùn dé ìdajì
kó lè máa rí títì.
Mo gbé àga lọ, ó kọ̀ ọ́.
Mo lóṣòó tì í.
Ọkọ̀ kan kọjá, òmíràn kọjá.
Orúnkún ti ń dùn mí.