Lẹ́yìn Etí Áńgẹ́lì

Ẹ nu ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó wọlé.
Ẹ má fọwọ́ kan ògiri; òógùn ọwọ́ a máa jẹ wúrà
díẹ̀díẹ̀, bí ikán ti í jẹ òpó.
Ermelinda ni mí. Ìyá mi ló ń ṣí fèrèsé ilé yìí,
ìyá ìyá mi ló ń ṣí i ṣáájú rẹ̀.
A ò jogún yàrá kan níbẹ̀.
Kọ́kọ́rọ́ la jogún.

Lọ́dún tí ilẹ̀ Sísílì mì,
tí ìlú wa fọ́ bí àwo tó já bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé,
Díúkì Scorzalupo jí lábẹ́ tábìlì,
erùpẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò jí mọ́.
Ó ní ilé tí òun yóò tún kọ́,
bí ikú bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀,
yóò gbàgbé ohun tó bá wá.
Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi kọ́ ọ.
Bí oòrùn bá ń wọ̀, òkúta rẹ̀ a dà bí oyin.
Gbèsè rẹ̀ ńkọ́?
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn ná.

Àtẹ̀gùn yìí lọ́ bí ìkarahun ìgbín,
ó fẹ̀ tó ohun tí ẹṣin lè gùn,
ẹṣin kan sì gùn ún lóòótọ́, lálẹ́ ìgbéyàwó kan:
ẹ wo ojú pátákò rẹ̀ lórí òkúta kẹsàn-án.

Gbọ̀ngàn jígí rèé.
Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ wọlé, ẹ ti di ogójì.
Jígí mìíràn ti fọ́jú; ó ń wò yín, kò rí yín.
Àrán pupa tó bo ògiri ti ṣá,
àfi ibi tí àwọn àwòrán tí wọ́n tà wà tẹ́lẹ̀,
ibẹ̀ ṣì pọ́n bí ojú egbò.
Ilẹ̀kùn apá òsì yẹn, ẹ má wulẹ̀ tì í.
Ọ̀dà ni. Wọ́n yà á kí ti apá ọ̀tún má baà dá wà.
Kò sẹ́ni tó gba ibẹ̀ jáde rí,
síbẹ̀ ìyá mi a máa nu ọwọ́ rẹ̀
ní gbogbo Sátidé.

Ẹ gbójú sókè.
Òrùlé ṣí, ọ̀run ń wọlé,
ìkùukùu bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n,
Díúkì láàrin àwọn ẹni mímọ́,
ó tún wá rẹwà ju bó ṣe rí láyé lọ.
Obìnrin tó gbé òṣùwọ̀n Òdodo dání,
ọmọ bàbá tó ń sun òkúta dẹfun ni.
Ayàwòrán jẹ bàbá náà lówó ẹfun oṣù méje,
ojú ọmọ rẹ̀ ló fi san án.

Nígbà ogun, àwọn sójà sùn síbí.
Òtútù mú, wọ́n fi àga oníwúrà se ẹ̀wà.
Ìyá ìyá mi ní ẹ̀wà náà kò tètè jinná.

Ẹ súnmọ́ ibi ìdáná yìí.
Áńgẹ́lì kékeré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ìyẹ̀fun tó ń wú,
ẹfun àti ìyẹ̀fun mábù ni wọ́n fi mọ ọ́n.
Orúkọ ẹni tó mọ ọ́n kò sí lára ògiri kankan;
inú ìwé owó iṣẹ́ ni mo ti rí i:
“Onofrio arẹ́lé, áńgẹ́lì mẹ́rìnlélógún.
A yọ owó ọ̀kan kúrò. Ó ṣubú kó tó parí.”

Ta ló ṣubú, áńgẹ́lì ni àbí Onofrio?
Akọ̀wé kò sọ.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn etí eléyìí,
níbi tí ojú àlejò kì í dé,
ojú àtàǹpàkò kan wà nínú ẹfun.
Mo mọ̀ pé mo ní ẹ má fọwọ́ kan nǹkan.
Ẹ mú ọwọ́ yín wá.
Tèmi bá a mu rẹ́gí.

Ẹ ń bèèrè gbèsè. Ti Díúkì ti tán,
oko ólífì méjì ló bá a lọ.
Owó áńgẹ́lì kan ló kù.