Àparò Tí A Kò Rí

Aago mẹ́fà kò tíì lù, a ti pé lẹ́bàá ìsédò,
lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí oko kajú parí sí:
àwa mẹ́fà, awò olójú méjì kan ṣoṣo.
Ọyẹ́ ti fi ẹfun kun gbogbo wa lẹ́sẹ̀ láìgbowó.
Àsàbí fi ìborùn ìyá rẹ̀ wé orí, ó ku imú.
Ètè Terúngwà, àgùnbánirọ̀ wa, ti bẹ́;
mo ní kó fi àdí pa á, ó ní òórùn rẹ̀ á lé ẹyẹ.
Ẹyẹ kì í gbóòórùn àdí, mo wí.
(N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.)

Èmi ni wọ́n pè ní olórí,
nítorí mo kọ́ni ní báyọ́lọ́jì títí mo fi fẹ̀yìn tì,
nítorí ìwé ẹyẹ wà nínú àpò mi.
Mo ti ṣèlérí agbe, mo ti ṣèlérí àlùkò.
Kùrukùru dé, ó gbé odò mì,
ó gbé igi kajú mì tòdòdó-tòdòdó.
Awò ń ti ọrùn kan bọ́ sí òmíràn.
"Kí lo rí?"
"Funfun."
"Ṣé lékeléke ni?"
"Rárá, mà. Funfun lásán."
Àsàbí tó ti na èékánná sílẹ̀ de lékeléke
kó ìka rẹ̀ padà sápò.

Ìgbà náà ni Bàbá Ọdẹ́tóyìnbó ní ká dákẹ́,
ẹni tí a mú wá kó lè mọ̀nà fún wa,
tó fi ogójì ọdún pa ohun tí mo ń kà.
Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dé, ó fẹnu sí i.
Ohùn tó jáde kì í ṣe ti ènìyàn.

Kò sí nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, nínú koríko gbígbẹ lọ́hùn-ún, ọ̀kan dáhùn.
Òmíràn gbè é, ó jìnnà díẹ̀.
Mo rí ọwọ́ ọ̀tún bàbá tó gòkè lọ sí èjìká,
tó ń wá okùn ìbọn,
tí kò bá nǹkan níbẹ̀ ju ẹ̀wù òtútù lọ.
Ọwọ́ náà dúró bí àlejò tó ṣìlé,
kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó wá họ imú.

Àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, wọ́n ní.
Láàárọ̀ yìí, ti orí ebè, ti inú poro,
ta ló rí ọ̀kankan nínú wọn?

Ọ̀jẹ́dòkun di ìwé àkọsílẹ̀ mú:
"Mà, kí ni kí n kọ? A ò kúkú rí wọn."
Mo wo bàbá.
"Mélòó lo gbọ́?"
"Méjì."
"Kọ méjì. Nígbà tí mo ń ṣọdẹ,
àwọn tí mo gbọ́ tí n ò rí,
àwọn yẹn ló kù."

Bírò kọ̀, òtútù ti di í lọ́fun.
Ọmọ náà fi èémí yá a, ó tún un gbìyànjú.
Méjì.

Ìwé ẹyẹ kò jáde nínú àpò mi.
Bí a ti ń padà lọ, láìsọ̀rọ̀,
Terúngwà na ọwọ́ sí mi fún àdí.