Ọwọ́ Lára Ògiri

Òun ló pè mí, èmi kọ́ ni mo pè é.
Mo jókòó sórí páànù kọnkéré tí mo dojú rẹ̀ dé
níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí à ń kọ́ ní Arówómọ̀lé,
òjò ti ń ṣú lójú ọ̀run Ogbómọ̀ṣọ́,
àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti lọ jẹun.
"Bàámi, ẹ wá ká jọ gun òkè."

Oyèníkẹ̀ẹ́ ni, láti erékùṣù Sáípírọ́ọ̀sì,
ibi tí òkun yí ká
bí ọbẹ̀ ṣíṣàn ṣe ń yí òkèlè ká.
Ó gbé fóònù síwájú, ó ń gòkè,
èmi náà ń gòkè lórí ìjókòó mi.
Mo gbọ́ èémí rẹ̀, mo gbọ́ òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ bàtà,
mo rí ewúrẹ́ kan tó ń wò wá bí onílé.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ó padà wá.
Ilé olódi náà sì yọ lókè,
àfi bí ẹni pé àpáta ló hu eyín.

"Àwọn ọba ló kọ́ ọ, Bàámi,
ó ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún."
Mo ní, ọba wo ló ru òkúta rí?
Sún mọ́ ògiri, jẹ́ kí n wo oríkèé rẹ̀.
Mo wo bí òkúta ṣe gorí òkúta,
tí wọn ò jẹ́ kí oríkèé méjì bára wọn mu,
bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ní Ìjerù
nígbà tí a ṣì ń fi amọ̀ mọlé,
tó máa ń fi ìdí ṣọ́bìrì gbá mi lórúnkún
bí ìlà mi bá wọ́.
Mo bi í: níbo ni wọ́n ti pọn omi
tí wọ́n fi po ẹfun yìí, lórí òkè gíga báyìí?
Ó ní òun ò mọ̀. Wọn ò kọ ìyẹn sára pátákó.
Orúkọ ọba mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Mo ní, bá mi fọwọ́ kàn án.
Ó na ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ gba ojú fóònù kọjá,
ibẹ̀ ni mo ti rí i:
ó sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀,
ọṣẹ ti jẹ èékánná funfun,
egbò kan wà láàárín ìka.
Kálámù kì í ṣe ọwọ́ báyẹn.
Mo mọ ọwọ́. Òun ni mo fi ń jẹun láti ọgbọ̀n ọdún.
Mo rántí pẹ́lọ́ọ̀tì méjì lẹ́yìn igi kajú
tí mo tà nítorí owó ilé ìwé.

Mo lanu. Òjò kán sójú fóònù.
Mo fẹ́ bi í pé ilé ta ló ń fọ̀ níbẹ̀,
abọ́ mélòó lóòjọ́,
ṣé wọ́n ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì.
Ohun tó jáde ni:
"Ògiri náà dára. Ẹni tó mọ ọ́n mọṣẹ́."
Ó dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára òkúta.
"Bàámi, ẹ̀yin náà lè kọ́ irú ẹ̀."
"Bí wọ́n bá bá mi pọnmi," mo fèsì.

Dátà rẹ̀ ló tán, tàbí tèmi.
Àwọn ọmọ iṣẹ́ dé, Jímọ̀ ń nu ẹnu,
wọ́n bá mi níbi tí mo ti fi àtẹ́lẹwọ́
lé ògiri tí a mọ lánàá.
"Ọ̀gá, ṣé kò tíì gbẹ ni?"
Mo ní kò tíì gbẹ.