Ìkòkò Kejì

Orí ẹní tí mi ò tíì hun tán ni Dúdúyẹmí bímọ sí,
ní Ògòtún, lóru ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀.
Ọmọ mẹ́rin.
Oníbàárà ẹní náà ń bọ̀ láti Adó,
mo ní kó má wulẹ̀ wá mọ́,
ẹní ti rí ẹni tó ni ín.

Mo rò pé mo mọ ọmọ tọ́.
Márùn-ún ni mo pọ̀n sẹ́yìn, ebi ò pa ọ̀kan rí.
Nígbà tí ojú àwọn ọmọ ológbò là,
tí wọ́n ń rìn tàgétàgé kiri yàrá,
mo bu òkèlè iyán, mo ro ọbẹ̀ lé e,
ọbẹ̀ tiwa, tó pupa bí ilẹ̀ ọ̀nà Ìgbàrà-Odò:
ata rodo, iyọ̀, àlùbọ́sà ńlá méjì.
Mo po mílíìkì agolo sínú abọ́ kan.
Mo ní, “Ẹ jẹ, ẹ mu,
ohun tí a bá rí la jọ ń jẹ nílé yìí.”

Èyí tó kéré jù, ẹlẹ́sẹ̀ funfun,
òun ló jẹ jù.
Ìgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta
ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi ju ìdì ewé ẹní gbígbẹ lọ.
Fálúyì gbẹ́ ilẹ̀ sí ìdí igi ọsàn, kò sọ̀rọ̀.
Ìyá ọmọ jókòó tì wá,
ó ń fi ahọ́n nu ọwọ́ rẹ̀.

Ìbídàpọ̀, tó ń wo ẹranko sàn ní Ìlawẹ̀, kò bú mi.
Ó kàn bi mí léèrè:
“Màmá, eku tí ìyá wọn ń pa lóko,
ta ló ń bá a fi àlùbọ́sà sè é?”

Láti ọjọ́ náà, ìkòkò méjì ló ń wà lórí iná mi.
Ẹran àyà adìyẹ, ọkàn rẹ̀,
iwe tí mo gé wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọ tuntun.
Ẹ̀dọ̀ díẹ̀, kì í ṣe ojoojúmọ́.
Ẹja tí mo yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì nítorí egungun
(ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, ìka ni mo fi ń wò ó).
Ẹyin bíbọ̀. Mi ò da èèpo rẹ̀ nù,
mo sá a lóòrùn, mo lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè,
mo ń wọ́n ọn sí i bín-ín-tín.
Omi tútù lọ́tọ̀.
Iyọ̀? Rárá o.

Àdúgbò rẹ́rìn-ín. Ìyá Adéọ̀ṣun ní
ológbò tó bá yó kì í pa eku.
Mo ní kó wá wo ẹnu ọ̀nà mi láàárọ̀,
kó rí eku tí Dúdúyẹmí tẹ́ síbẹ̀,
tí kò tọ́ wò,
bí ẹni tó wá san gbèsè.

Ọyẹ́ dé. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ Fálúyì ní ilé ìwòsàn,
wọ́n ní kó jáwọ́ nínú iyọ̀.
Ọkùnrin tó fi ogójì ọdún bá mi jà torí ọbẹ̀ tí kò ta!
Lálẹ́ ó ṣí ìdérí kan, ó ṣí èkejì,
ó ní, “Èwo ni tèmi nínú méjèèjì?”
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi,
ẹkún sì wà nínú rẹ̀, mi ò ní purọ́.
Ó bu ti ológbò, ó tọ́ ọ wò.
Ó ronú díẹ̀.
“Kò burú. Ó jọ oúnjẹ ẹni tí wọn ò fẹ́ kó kú.”

Àwọn ọmọ mẹ́ta ti di géńdé,
ọ̀kan ń gun igi ọsàn yẹn lójoojúmọ́.
Ẹní náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri,
èékánná ti dá a lu níbi mẹ́fà,
mi ò hun ún tán.
Ẹ má bínú, ọwọ́ mi dí.
Ẹja kan wà níbí tí mi ò tíì yọ egungun rẹ̀ tán.