Ẹ̀wù Àwòdì

Ogójì ọdún ni mo fi mọ ìwọ̀n Fámúrewá lórí:
àyà pẹrẹsẹ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì,
ọwọ́ òsì gùn ju ọ̀tún lọ,
ọkọ̀ agbégẹdú ló fà á gùn lọ́dún tí bíréèkì já
ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ Ẹfọ̀n,
tó fi ẹ̀yìn gba ọkọ̀ náà dúró
títí àwọn ọmọ iléèwé fi kọjá tán.

Òru ló máa ń gbé e wá, á fi kọ́ ẹnu ọ̀nà mi,
ẹ̀wù pupa rúsúrúsú, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún á ti fà ya.
Kì í sọ ibi tó fò dé. N kì í bi í.
Iṣu méjì lowó iṣẹ́.
Wọ́n ní àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun.
Èmi ni ará ilẹ̀ yẹn.

Ó kú nígbà ọyẹ́, lórí ẹní, bí àgbàlagbà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Ozohu gbé ẹ̀wù náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi
nínú àpò ìrẹsì.
Ó ní Bàbá ló fi í lé òun lọ́wọ́.

Ozohu, ọmọ Ebira tó ń ro oko kòkó olóko,
tí wọ́n bí sí abà lẹ́yìn odò,
tó ń pe ilé ní ulé bí ìyá ìyá mi ṣe ń pè é,
nígbà tí ọmọ tèmi ní Ìbàdàn
ń fi èdè rédíò kí mi lórí fóònù.

Ìlú gbọ́. Ìlú dé. Wọ́n kún orí bẹ́ńṣì mi.
"Àwòdì wa, ọkùnrin ni."
"Ọmọ onílẹ̀ ni."
"Kí wọ́n rán tirẹ̀ fún un, àwọ̀ mìíràn,
kó máa jẹ́ Àṣá."
Tísà Abẹ́gúndé, tó ti ń ya Àwòdì sẹ́yìn ìwé láti kékeré,
sunkún. Ó sunkún gidi.
"Ẹ má bà mí ní ìgbà èwe jẹ́."

Mo ń wọ òwú sójú abẹ́rẹ́.
Kí n má purọ́, inú èmi náà ò dùn.
Mo ní àyà ẹ̀wù yìí ò gba ọmọbìnrin,
mo ní aṣọ kì í ṣègbè.

Lóru ni mo fi bíléèdì tú u.
Òwú mi já. Lábẹ́ rẹ̀, òwú ìyá mi,
tó ni ṣọ́ọ̀bù kó tó kàn mí;
mo mọ ọwọ́ rẹ̀, kókó méjì ló máa ń ta níparí.
Mo tú tirẹ̀ náà.
Àyà ẹ̀wù là:
dáàtì méjì tí wọ́n ti rán pa,
ọ̀kan lábẹ́ ọmú òsì, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀tún.

Ta ni? Ọdún wo?
Ìyá mi gbé e lọ sọ́run.
Ó rán obìnrin kan pa mọ́ wa lójú,
a sì ń pe ojú rírán náà ní àṣà.

Mi ò pe ìlú. Kí ni n ó wí fún Tísà?
Mo na téèpù sí àyà ọmọ náà lówùúrọ̀.
Ó dúró gbagidi, ẹrẹ̀ oko lẹ́sẹ̀.
Ṣé kí n tún ọrùn ṣe? Ṣé kí n pa á láró?
Ó ní rárá. Àpò kan péré lòun fẹ́.
"Àpò kẹ̀?"
"Ti omi inú ọ̀rá. Ẹni tí a bá fà yọ lábẹ́ ọkọ̀, Ìyá,
kì í béèrè ọmọ ta ni mí. Omi ló ń béèrè."

Fámúrewá ò ronú àpò rí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò àkọ́rọ̀.
Fèrè ọkọ̀ kan ké bí ewúrẹ́ ní kọ́nà kejì,
ó sì dákẹ́.
Ilẹ̀ mọ́, ẹ̀wù ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi,
ó tutù, àpò rẹ̀ ṣófo,
ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún fà ya níbi tó máa ń ya sí.

Iṣu kan péré ló gbé tì í.
Méjì ni. N ó sọ fún un.