Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

N kò yà sílé ẹnikẹ́ni.
Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀sán ti pọ́n,
mo gba ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́,
mo lọ sí ọgbà àárín ìlú,
níbi tí wọ́n ti ń gba tọ́rọ́ lọ́wọ́ àgbà láyé ijọ́un,
tí ọmọdé ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́,
bó bá ti lè ṣèlérí pé òun ò ní tẹ koríko.

Géètì ṣì wà, ó fi èjìká kan ti ògiri.
Àwọn àdán rọ̀ sórí igi ọ̀dán
bí aṣọ tí ẹnìkan sá tí ó gbàgbé kó.
Omi tó máa ń tú sókè wẹ́wẹ́ nígbà náà
ti gbẹ; àwo rẹ̀ ti di ti òjò.
Àkèré mẹ́ta ló ń gbé ibẹ̀,
wọn kì í san owó ilé.

"Igba náírà ni tíkẹ́ẹ̀tì, Mọ́mì."
Ọmọkùnrin ẹnu géètì ń jẹ ẹ̀pà.
Mo bi í léèrè ọmọ ẹni tó ń ṣe.
Ó ní ọmọ-ọmọ Bàbá Odùfúwà ni òun.

Odùfúwà!
Ọkùnrin tó lé mi yí ọgbà yìí ká lẹ́ẹ̀mẹta
nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje,
nítorí òdòdó pupa kan, ẹyọ kan péré.
"Lèsí nì yẹn? Lèsí ń já òdòdó ìlú?"
Mo sá. Bàtà ẹsẹ̀ òsì mi bọ́.
Kò nà mí, kò bú mi,
ó mú bàtà, ó fi kọ́ ìṣó.
Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: bàtà kan fún ẹ̀ṣẹ̀ kan.
Ọmọ ta ni yóò ti wọ bàtà kan wálé
tí ìyá rẹ̀ kò ní béèrè èkejì?

Mo ní ajá ló gbé e.
Ìyá mi wo ẹsẹ̀ mi,
ó wo pupa òdòdó tó kù sí èékánná mi,
ó ní, "Ajá burúkú nìyẹn o,"
ó sì ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì rẹ̀ lọ.
Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, bàtà ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
wọ́n ti fọ̀ ọ́.
Ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan.
Ọgọ́ta ọdún ó dín díẹ̀
ni mo fi gbà pé Bàbá Odùfúwà ló ṣàánú mi.

"Àwọn bàtà yẹn? Wọ́n ṣì wà," lọmọkùnrin náà wí.
Ó ṣí ahéré irinṣẹ́,
òórùn kẹrosíìnì àti ewé gbígbẹ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà.
Wọ́n wà lórí ìṣó lóòótọ́: rọ́bà, awọ, kánfáàsì,
ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láìní èkejì,
wọ́n ti ká kò.
Mo wá tèmi, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé kò sí.

Ìwé kan wà lójú fèrèsé.
Ikán ti jẹ etí rẹ̀,
àmọ́ ìkọ̀wé baba náà dúró ṣánṣán:
*Bàtà òsì kan, aláwọ̀ ewé.
Ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì, Pòrógun.
Ìyá rẹ̀ wá. Ó roko ẹ̀bá ògiri, ọjọ́ méjì.
Mo ní ó tó. Ó ní kò tíì tó.*

Kò tíì tó.
Obìnrin tó ń jí kí àkùkọ tó kọ,
tí ẹ̀yìn ń ro ó láti ìdí ààrò,
tó sì jẹ́ kí ajá tí kò sí láyé
ru ẹ̀bi mi dé ibojì.

Mo lọ sẹ́bàá ògiri. Koríko ti bò ó.
Mo bọ́ bàtà mi méjèèjì, mo tò wọ́n síra.
Mo bẹ̀rẹ̀, orúnkún mi ké,
mo fa gbégi kan, mo fa èkejì.
Òjò àná ti mú kí ilẹ̀ rọ̀,
n kò sì mọ ohun tí mò ń wá nínú erùpẹ̀
nígbà tí ohùn kan ta láti ẹnu géètì,
ẹ̀pà kún inú rẹ̀:
"Mọ́mì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ koríko o!"