Òǹtẹ̀ Tó Wọ́

Ní òpópónà Azángaro, ní ìlú Lima,
níbi tí òjò kì í rọ̀, tí aṣọ kì í sì í gbẹ,
kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà mi.
O ó béèrè Abundio lọ́wọ́ ọmọ tó ń ta ẹ̀pà,
á wo bàtà rẹ, á wo ojú rẹ,
á ní, "Kí lo fẹ́ dà?"

Dókítà. Lọ́yà. Ẹnjiníà.
Ọ̀sán kan péré, kí yíǹkì gbẹ, o ti dà á.
Mo mọ bí ọ̀gá yunifásítì mẹ́tàlá ṣe ń fọwọ́ síwèé:
èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
èyí tó ń kánjú gbé lẹ́tà ìkẹyìn mì.
Ọ̀kan kú, n kò gbọ́.
Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń bá òkú fọwọ́ síwèé.
Kò sẹ́ni tó dá ìwé padà.

N kì í bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.
Ta ní ń bi alágbẹ̀dẹ níbi tí ọ̀bẹ ń lọ?
Bẹ́ẹ̀ ni mo ń wí, títí ògiri kan fi wó
lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
lu àwọn adìyẹ Màmá Saturnina,
àti Saturnina fúnra rẹ̀.
Wọ́n dárúkọ ẹnjiníà náà lórí rédíò.
Mo rántí rẹ̀. Ó ní kí n fi "pẹ̀lú ìyìn" kún un.
Mo fi kún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgbà náà ni òfin dé.
Ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀wọ̀n.
Ẹni tó ń gbé e kiri, ẹ̀wọ̀n.
Ẹni tó gbà á láìwádìí, owó ìtanràn.
Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú ilé mi,
mo dúró, mo fojú oníṣẹ́ wò ó:
lẹ́tà àkọ́kọ́ tóbi jù, ẹ̀gbẹ́ òsì kò gún.
Ọlọ́pàá kó ẹ̀rọ, wọ́n kó èmi náà.
Oṣù mọ́kànlá. Adájọ́ ní ewú orí mi ló gbà mí.

Ọmọ mi Herminda kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí.
Ọdún méje ló fi ń pa ẹja ní Callao láàárọ̀,
tó ń kàwé lálẹ́;
ìpẹ́ ẹja wà láàárín ojú ewé ìwé rẹ̀ títí dòní.
Mo fi ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé, "Ọ̀sán kan péré, ọmọ mi,"
kò bá mi sọ̀rọ̀ títí Kérésì fi dé.

Ó wá gbé e sórí tábìlì. Agbẹ̀bí.
Orúkọ rẹ̀, àti orúkọ mi lẹ́yìn rẹ̀.
Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yíǹkì tó ti ń ṣá,
òǹtẹ̀ tó wọ́ sí ọ̀tún bíi fìlà ọ̀mùtí.
Ojú tì mí fún yunifásítì náà.

Akọ̀wé ọsibítù gbé e sí ìmọ́lẹ̀,
ó yí i, ó fi èékánná họ òǹtẹ̀.
"Chuquimia? Chuquimia ti Azángaro?"
Ó ní kó padà wá lẹ́yìn àyẹ̀wò, ọgọ́fà ọjọ́. Òfin ni.
Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún,
ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá.
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bí òtítọ́ bá dé,
tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀rí ni wọn á bi í.

Lóru, mo gbé ìwé náà sábẹ́ àtùpà.
Wákàtí kan tó. Bébà gidi, òǹtẹ̀ tó dúró ṣánṣán,
wọn ì bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.
Ìka mi ti mọ ọ̀nà kí n tó rò ó.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"
"Mo ń kà á ni," ni mo wí,
òtítọ́ sì ni: n kò kà ọ̀kankan rí.

Kò fèsì. Ó gbà á lọ́wọ́ mi,
ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i,
ó fi èékánná họ òǹtẹ̀ díẹ̀,
kó tó padà lọ sùn.